Bàtà Funfun Náà

Ọjọ́ tí aṣòfin wa wọ Iléṣà,
a kò gbọ́ ohun tó sọ.
Bàtà rẹ̀ la rí.
Bàtà funfun báláú,
ó kọ́kọ́ yọ látinú jíìpù ní Ẹrẹ́jà
kí olówó rẹ̀ tó yọ.
Àwọn ọmọdé pariwo, àwọn àgbà pariwo,
ojú ń tì mí láti sọ pé
èmi náà pariwo.

Akọ̀ròyìn ni mí.
Yàrá mẹ́ta ni rédíò wa, lókè ilé oníbúrẹ́dì ní Ìṣọ̀kùn.
Bí a bá ń ka ìròyìn ikú, òórùn búrẹ́dì a gba ẹnu wa kan.
Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀:
"Ibíwùmí, wo aṣọ rẹ̀ dáadáa o.
Ta ló rán an? Èló ni aago ọwọ́ rẹ̀?
Ṣé lóòótọ́ ni ìyàwó kékeré ti kó jáde?
Ohun tí ará ìlú ń fẹ́ nìyẹn."
Mo ní ó dáa, sà.
Ṣùgbọ́n mo ti kọ ìbéèrè kan sínú bébà,
mo ká a wẹ́wẹ́, mo fi há abẹ́ okùn aago mi:
Afárá Ìjọ̀ka tí ẹ ti gbowó rẹ̀, ibo ló wà?

Òṣómàáló ni bàbá àgbà mi.
Ó ru aṣọ dé Àkókó, ó tà á láwìn,
ó tún fẹsẹ̀ rìn padà lọ gbowó.
Wọ́n ní tó bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè,
wọ́n á gbé àga fún un, kò ní jókòó.
Wọ́n á gbé iyán kalẹ̀, ẹran ìgbẹ́ á yọrí nínú ọbẹ̀, kò ní wò ó.
Wọ́n á kì í, wọ́n á yin aṣọ ọrùn rẹ̀,
kò ní rẹ́rìn-ín.
Òṣòó ni yóò ló,
títí owó yóò fi jáde lábẹ́ ẹní.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rèé ní Ẹrẹ́jà,
ó na gbohùngbohùn bí ẹni ń na síbí sí ọmọ ọba lẹ́nu:
"Ẹ káàbọ̀, sà! Bàtà yín yìí, níbo lẹ ti rà á?"

Ó rẹ́rìn-ín.
Ó yí ẹsẹ̀ ọ̀tún síhìn-ín, ó yí tòsì sọ́hùn-ún,
fóònù hù lókè orí wa bí olú ẹ̀yìn òjò.
Ó ní láti Ítálì ni.
Ó ní, "Ẹ wò ó, kò tíì kan ẹrẹ̀ rí."

Kò tíì kan ẹrẹ̀ rí.

Tísà Oríyọmí a máa bọ́ tirẹ̀ sọ́wọ́ ní Ìjọ̀ka,
a máa pọn àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kọjá odò
lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn òjò.
Ẹsẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò.
Òun ló sọ fún mi pé,
"Ìwọ tó o máa ń dé iwájú wọn, bá wa bi wọ́n."

Lálẹ́, èmi fúnra mi ni mo ka ìròyìn.
Bàtà náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní mo gbayì.
Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ Òkè-Ọmirù
ti fi ẹfun kun bàtà rọ́bà wọn,
wọ́n ń yan láàárín títì,
ọ̀tún síhìn-ín, tòsì sọ́hùn-ún.

Nígbà tí mo tú aago, òógùn ti fọ bébà náà.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ṣeé kà,
ìkánjú kò sì jẹ́ kí n fi àmì sí i:
ibo ni, àbí ìbò?
N kò mọ̀ mọ́.

Mo tilẹ̀kùn yàrá mi, mo lóṣòó.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, itan mi ń gbọ̀n.
Bàbá àgbà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?
Lọ́la, n ó gbìyànjú márùn-ún.